Aṣọ Funfun Tí Ó Bo Ojú Ìyá

Ọkùnrin kan wà ní ìlú kan lẹ́bàá Ìkirun tí ó ń fi fọ́tò yíyà jẹun. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò tóbi. Àga oníbàárà méjì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú aṣọ pupa kan tí ó ta mọ́ ògiri fún àwọn tí ó bá fẹ́ ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù, àti kọ̀ǹpútà kan tí ó fi ń tún fọ́tò ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ dán. Bí fọ́tò bá ti gbó tí ó ti ya, yóò so ó pọ̀. Bí irorẹ́ bá wà lójú ìyàwó ọ̀ṣìngín, yóò pa á rẹ́. Ohun tí àwọn èèyàn sì máa ń bẹ̀ ẹ́ fún jù lọ ni pé kí ó bá wọn mú ojú wọn mọ́lẹ̀ sí i. Ó ti ṣe é títí ó fi mọ́ ọn lára. Ọwọ́ rẹ̀ á ti máa lọ síbẹ̀ kí oníbàárà tó lanu.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè kan, obìnrin kan wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ibíyẹmí ni orúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti kú ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ìsìnkú sì ku ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n ti ra pósí, wọ́n ti bá àlùfáà sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọn kò rí fọ́tò tí wọn yóò tẹ̀ sójú ìwé ìsìnkú. Ìyá náà kì í fẹ́ ya fọ́tò nígbà ayé rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ti gbé fóònù sókè, yóò ní òun ń lọ wo ohun tí òun gbé kaná. Èyí tí ó wà ni ti káàdì ìdìbò, ó sì fajú ro níbẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn ohun tí kò ṣe kàn.

"Ó ku ọ̀kan," Ibíyẹmí wí. "Ẹ̀yin gan-an lẹ yà á, sà. Níbi ìṣílé ẹ̀gbọ́n mi, ó pé ọdún mẹ́sàn-án báyìí."

Onífótò rántí ọjọ́ náà. Ó wá fọ́tò náà nínú kọ̀ǹpútà títí ó fi rí i. Fọ́tò tí ó gbayì ni. Oòrùn ọ̀sán ń ràn. Ògiri ilé tuntun náà funfun báláú. Ẹ̀gbọ́n Ibíyẹmí, tí ó jẹ́ dáwódù ilé wọn, dúró ní àárín nínú agbádá léèsì funfun, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì tò sí ọ̀tún àti òsì rẹ̀.

"Màmá dà?" onífótò bi í.

Ó na ìka sí ẹ̀yìn èjìká ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lábẹ́ ìbòòji ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òjìji kan wà níbẹ̀ tí ó wé gèlè. A kò rí ojú, a kò rí imú.

"Màmá nìyẹn," ni ó wí.

Mo fẹ́ kí o mọ ohun tí ó wà láàárín ìyá yìí àti dáwódù rẹ̀ kí n tó máa lọ. Opó ni ìyá náà. Epo pupa ni ó ń ṣe tí ó fi tọ́ ọmọ méjèèjì. Nínú èéfín ìdí epo ni dáwódù ti ka ìwé rẹ̀, ó sì ti pinnu láti kékeré pé òun yóò kọ́ ilé tí kò ní èéfín fún ìyá òun. Nígbà tí ó kọ́ ọ tán, ó ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún un ní ìsàlẹ̀, kí ó má baà máa gun àtẹ̀gùn. Ìyá wá síbi ìṣílé. Ó gbàdúrà fún un. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó ti padà sí ilé àtijọ́ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, kò sì kó wá sínú yàrá náà títí ó fi kú.

Ó dun dáwódù. Kò bá ìyá rẹ̀ jà. Kò fi oúnjẹ dù ú, kò fi oògùn dù ú. Ṣùgbọ́n ó máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Màmá ò bá mi yọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Wọn ò tilẹ̀ dúró ya fọ́tò." Bẹ́ẹ̀ ni fọ́tò náà wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀, ó tóbi tó fèrèsé, ó sì ń wò ó lójoojúmọ́.

Ibíyẹmí mọ̀ pé ìyá àwọn dúró ya fọ́tò náà. Ó ti sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nígbà kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ní kí ó má fi ìyẹn tu òun nínú. Nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé ìsìnkú nìkan ló gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà.

Onífótò ní kí ó padà wá ní Wẹ́sidé. Bí obìnrin náà ti lọ tán, ó ṣe ohun tí ó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó mú ojú ìyá náà mọ́lẹ̀. Ó mú un mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kò tó. Ó tún fi kún un, ó tún fi kún un. Nígbà tí Ibíyẹmí dé ní Wẹ́sidé, onífótò fi ayọ̀ yí kọ̀ǹpútà sí i.

Obìnrin náà wò ó títí.

"Ta nìyí?" ni ó bèèrè.

"Màmá ni."

"Màmá kọ́, sà." Kò pariwo. Ó ń fi etí gèlè rẹ̀ nu ojú. "Ìyá wa dúdú. Wọ́n dúdú, wọ́n ń dán. Ẹni yìí dà bí ẹni tí wọ́n da eérú sí lójú."

Onífótò tún un wò, ó sì rí i pé òótọ́ ni. Ojú náà ti jáde nínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n ó ti ṣì. Ẹyinjú ti di ihò méjì. Ẹnu ti fọ́n ká. Ojú tì í. Ó ní, "Mo ti fi kún un jù ni. Ẹ jẹ́ kí n dín in kù." Ó dín in kù, ìyá sì wọnú òkùnkùn padà. Ó fi kún un, eérú tún dé. Ó ṣe é títí ọwọ́ fi ń ro ó, kò rí ibi tí ìyá yìí gbé wà láàárín méjèèjì.

Ibíyẹmí bá dìde, ó sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ kan bo ògiri funfun inú fọ́tò náà. Ó gbé èkejì bo léèsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ku àlàfo kékeré kan láàárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó sì tẹjú mọ́ ọn.

"Ẹ wò ó báyìí, sà," ni ó wí.

Onífótò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì wò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ èèyàn wà níbẹ̀. Ó dúdú, ó sì ń dán díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ rẹ̀ ti wí.

Ó jókòó padà sórí àga rẹ̀, ó tún fọ́tò náà wò. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kò sóhun tó ṣe ojú Màmá. Àwọn ohun tó yí wọn ká ló ń tàn jù. Èmi náà ni mo sì yà á bẹ́ẹ̀. Aṣọ funfun yẹn ni mo ń wò lọ́jọ́ náà."

Ó yọ gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ó ti fi sójú ìyá kúrò. Irinṣẹ́ kan wà nínú kọ̀ǹpútà náà tí kì í sábà lò. Ibi tí èèyàn bá fi pa nínú fọ́tò nìkan ni yóò ṣókùnkùn, ibi tó kù kò ní yí padà. Ó mú un, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀run. Ó ń fi pa á jẹ́jẹ́, bí ẹni ń fi àdí pa ọmọ tuntun lára. Ó kúrò lójú ọ̀run, ó bọ́ sí ògiri. Ògiri náà rọ̀, kò ta síni lójú mọ́. Bí ó ti ń rọ̀ ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá ń jáde, tí àgbọ̀n rẹ̀ ń jáde, tí ẹnu rẹ̀ ń jáde. Onífótò kò sì fọwọ́ kan ojú náà rárá.

Nígbà tí ó dé ibi léèsì, ó dúró. Ó mọ dáwódù. Èèyàn dáadáa ni, ṣùgbọ́n aṣọ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ṣeré. Bẹ́ẹ̀ aṣọ náà ló sún mọ́ ojú ìyá jù, títàn rẹ̀ sì bo ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ jọ̀ọ́," Ibíyẹmí wí. "Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi wá fúnra wọn."

Dáwódù dé ní ọ̀sán Tọ́sidé. Láti ẹnu ọ̀nà ni ó ti ń sọ̀rọ̀. Ó sọ ti ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ bá àwọn tún ṣe kí àwọn àlejò tó dé, ó sọ ti àwọn tí ń bọ̀ láti Ìbàdàn, ó sọ ti bí àlùfáà ṣe ní kí ìsìn má pẹ́. Onífótò ń mi orí títí dáwódù fi jókòó. Ibíyẹmí wà lórí àga kejì.

"Onífótò, ó dáa," ni dáwódù wí nígbà tí ó wo kọ̀ǹpútà. "Ògiri ilé mi ti ṣókùnkùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò burú. Kí ló wá kù?"

"Aṣọ yín ló kù, sà."

"Kí ló ṣe aṣọ mi?"

Onífótò kò mọ bí yóò ṣe sọ ọ́. Ó wo Ibíyẹmí, ìyẹn ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Ó ń tàn sójú Màmá. Òun ni kò jẹ́ kí a rí ojú wọn."

Dáwódù fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Aṣọ tí mo wọ̀ láti fi yẹ́ ìyá mi sí? Òun ni kò jẹ́ kí wọ́n rí ìyá mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ má bínú."

Dáwódù fa àga rẹ̀ sún mọ́ kọ̀ǹpútà. "Ṣe é kí n rí i," ni ó wí. "Bí kò bá dára, o máa dá a padà."

Onífótò bẹ̀rẹ̀. Ó fi irinṣẹ́ náà pa èjìká agbádá, ó fi pa apá rẹ̀, ó fi pa etí rẹ̀. Léèsì náà kúrò ní funfun, ó di àwọ̀ ojú ọ̀run tí òjò ṣú sí. Kò pa dáwódù rẹ́. Ojú rẹ̀ wà níbẹ̀, fìlà rẹ̀ wà níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò rí i tí kò ní mọ̀ pé òun ni. Aṣọ rẹ̀ ni kò fa ojú mọ́ra bíi ti tẹ́lẹ̀. Onífótò sì ń bá a lọ díẹ̀díẹ̀, títí ojú ìyá fi jáde, ó wá gbé ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹjú mọ́ ọn.

Gbogbo àwọn tí ó wà nínú fọ́tò náà ló ń wo ẹ̀rọ tí ó ń yà wọ́n. Ìyá nìkan ni kò wò ó. Ọmọ rẹ̀ ni ó ń wò, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀, ó sì pa ètè mọ́ra bí ẹni tí ẹ̀rín fẹ́ pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì tí kò fẹ́ kí ó bú jáde. Nísàlẹ̀, níbi etí agbádá, ìka mẹ́rin kan wà tí ẹnikẹ́ni kò rí rí.

"Ọwọ́ ta nìyí?" dáwódù bèèrè.

"Ọwọ́ Màmá ni, sà."

"Màmá di aṣọ mi mú."

Ó dì í mú bí ìyá ṣe máa ń di ẹ̀wù ọmọ mú nínú gáréèjì, kí ó má baà sọnù láàárín èrò.

"Màmá dúró," dáwódù wí. Ó yí sí àbúrò rẹ̀. "Ibíyẹmí, Màmá dúró."

"Mo sọ fún yín, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọkùnrin náà bọ́ fìlà rẹ̀ lé orúnkún, ó sì sunkún. Kò fi ọwọ́ bojú. Láti ọjọ́ tí ìyá náà ti kú, kò tíì sunkún títí di ìgbà náà.

Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, ó ní, "Kí ló wá dé tí wọn ò fi kó wá sọ́dọ̀ mi?"

Ibíyẹmí kò tètè dáhùn, dáwódù sì dúró dè é.

"Ikọ́ ni," ni Ibíyẹmí wí. "Èéfín ìdí epo ti wọ̀ wọ́n lára. Wọ́n ní àlejò yín pọ̀, pé bí àwọn bá ń wúkọ́ nínú yàrá ìsàlẹ̀, ojú á máa tì yín. Lọ́jọ́ ìṣílé yẹn náà, ikọ́ ló dé sí wọn tí wọ́n fi tètè lọ. Nígbà tí wọ́n sì délé, wọn ò bọ́ aṣọ o. Iwájú ilé ni wọ́n jókòó sí títí oòrùn fi wọ̀. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ni wọ́n ń sọ fún pé, 'Ilé ọmọ mi tóbi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sọnù nínú rẹ̀.'"

Dáwódù rẹ́rìn-ín nínú ẹkún náà. "Kí ló dé tí wọn ò sọ fún mi?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìgbà wo? Bí ẹ bá ti dé, ẹ̀yin lẹ máa ń sọ̀rọ̀. Ẹ ó sọ ti iṣẹ́, ẹ ó sọ ti ohun tí dókítà ní kí wọ́n lò. Ìgbà tí ẹ bá fi máa parí rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ á ti wà lọ́wọ́ yín. Inú wọn máa ń dùn sí i kẹ̀. Wọ́n á kàn máa gbọ́."

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí wọ́n ṣe máa ń sọ ohun tí ojú ẹni rí ni ó ṣe sọ ọ́.

Àánú dáwódù ṣe onífótò. Ó ní, "Ṣé kí n dá díẹ̀ padà lára aṣọ yín, sà? Kí ó má ṣókùnkùn jù?"

"Rárá," ni dáwódù wí. "Fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Lọ́jọ́ ìsìnkú, dáwódù ni wọ́n yàn kí ó sọ̀rọ̀ lórúkọ àwọn ọmọ. Wọ́n pè é, ó bọ́ síwájú pẹ̀lú ìwé tí ó ti kọ. Ó wo ìwé náà, ó ká a sápò. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn wa, èmi ni mo kọ́lé. Àbúrò mi ló bá Màmá gbé. Ẹ jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀." Ó sì lọ jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì kan, lọ́dọ̀ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé.

Ibíyẹmí dìde, ó dúró, kò sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó pẹ́. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo dáwódù pé kí ó gba àbúrò rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀ tí ó lè sọ, kò sì sọ ọ́. Ó jókòó jẹ́jẹ́, ó ń wo àbúrò rẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà wá lanu, ó sọ ohun tí àwọn tí ó ti ń ra epo lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún kò mọ̀. Ó ní ìyá àwọn mọ̀wé kà. Ó ní bí lẹ́tà dáwódù bá ti dé láti ilé ìwé nígbà náà, ìyá yóò kọ́kọ́ kà á fúnra rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà yóò wá ṣe bí ẹni tí kò mọ̀wé, yóò gbé e tọ aládùúgbò lọ pé kí ó ka lẹ́tà ọmọ òun fún òun, nítorí kí ó lè gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì.

Ìdí tí mo fi sọ ọ́ fún ọ nìyí, ìwọ ọmọ mi.

O wá bá mi lánàá pé ìyàwó rẹ kò mọ ọ̀rọ̀ sọ láàárín èèyàn, pé ojú máa ń tì ọ́ bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ bá wá kí yín. O ní o ti ṣe gbogbo ohun tí o lè ṣe. O ra aṣọ tuntun fún un. O kọ́ ọ ní bí yóò ṣe máa kí ọ̀gá rẹ. Bí ó bá sì sọ̀rọ̀, o máa ń tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún un kí ó lè dùn létí. Mo gbà pé ìfẹ́ ló mú ọ ṣe é. Onífótò kò fẹ́ ibi fún ìyá yẹn nígbà tí ó ń da ìmọ́lẹ̀ sí i lójú. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ mìíràn tí o bá ń tún ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ sọ, wo ojú rẹ̀ dáadáa. Ṣé bí ó ṣe rí nígbà tí o fi ń fẹ́ ẹ sọ́nà nìyẹn?

Èmi náà ti jẹun nílé yín. Mo bi í léèrè ibi tí wọ́n ti bí i, ìwọ lo dáhùn. Mo bi í bí iṣẹ́ aṣọ rírán rẹ̀ ṣe ń lọ, ìwọ lo dáhùn, o sì dáhùn débi pé gbogbo wa rẹ́rìn-ín. O mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ọlọ́run ló fún ọ, èmi kò sì ní kí o dà á nù. Mi ò ní kí o kúrò láàárín ilé rẹ. Mo ní kí o rọ̀ díẹ̀. Ìyàwó rẹ kò nílò kí o tún un ṣe. Àyè ni kò rí.

Mò ń bọ̀ wá kí yín lọ́jọ́ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn. N óò jókòó, n óò gba omi, n óò sì bi ìyàwó rẹ ní ọ̀rọ̀ kan. Yóò kọ́kọ́ wò ọ́. Má mi orí sí i, má bá a bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Yóò pẹ́ lójú rẹ. Inú rẹ yóò máa sọ fún ọ pé ilé ti dákẹ́ jù, pé kí o tètè sọ nǹkan kan. Má sọ ọ́. Èmi kò ní ibi tí mò ń lọ lọ́jọ́ náà. N óò dúró títí yóò fi sọ̀rọ̀.